Káfíńtà Àjàṣẹ́ tó fẹ́ máa ya àwòrán àga fúnra rẹ̀

Ọmọ Ouando, Àjàṣẹ́: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará Faransé. Káfíńtà ni mí, àga àti kọ́bọ́ọ̀dù ni mò ń kàn. Mo wá fẹ́ máa ya àwòrán iṣẹ́ fúnra mi, kí n sì máa to inú ilé fún èèyàn. Ọ̀gá mi ní kí n wá ìwé ẹ̀rí ná, ẹ̀gbọ́n mi ní kí n ta irinṣẹ́ kí n máa bọ̀ lọ́dọ̀ yín. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀?

Àǹtí Lyon: Àbúrò, má ta nǹkan kan o! Ọ̀pọ̀ ọmọ ilé-ìwé ibí mọ kọ̀ǹpútà, wọn ò mọ igi. CAP ébéniste, ìwé ẹ̀rí káfíńtà àga, gba ọdún 2; DNMADE, ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ ọnà àti yíya àwòrán iṣẹ́, gba 3. Ilé-ìwé Boulle ní Paris, tó ti wà láti 1886, ẹnu ọ̀nà ibẹ̀ há gan-an. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ ni wọ́n máa kọ́kọ́ bèèrè. Má kàn kó fọ́tò àga jọ. Lọ sí ilé Àgùdà kan ní Àjàṣẹ́ níbẹ̀, tọrọ ààyè, kí o wọn fèrèsé onípákó wẹ́wẹ́ rẹ̀, kí o yà á bí pákó kọ̀ọ̀kan ṣe wọ inú férémù, mìlímítà sí mìlímítà. Èyí nìkan tó fọ́tò ogún.

Tọ́ntọ́n Marseille: Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n igi ló ń dójú ti àwọn ará ilé níbí. Afẹ́fẹ́ ọ̀sà Àjàṣẹ́ ní ọ̀rinrin, omi inú pákó lè tó 15 nínú 100. Nínú ilé tí wọ́n ń mú gbóná nígbà òtútù, ó lè já sí 8 tàbí 9. Ìbú pákó ló máa sún kì, gígùn rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Oníbàárà mi kan gbé kọ́bọ́ọ̀dù ọ̀gánwó wá láti ilé, wọ́n ti fi gọ́ọ̀mù lẹ pákó àárín ilẹ̀kùn pinpin mọ́ férémù. Lóru ọjọ́ kan ó dún pàà, ó là láti òkè délẹ̀. Jẹ́ kí pákó àárín jókòó sínú ihò tẹ́ẹ́rẹ́ láìsí gọ́ọ̀mù. Fi fáníìṣì kùn ún kí o tó kì í bọ̀ ọ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, tó bá sún kì, ìlà funfun á yọ létí. Ihò skúrù abẹ́ tábìlì náà, jẹ́ kó gùn díẹ̀.

Ọmọ Kétu: Tọ́ntọ́n, tí n bá fi pákó apá ránṣẹ́ ńkọ́?

Tọ́ntọ́n Marseille: Apá àti ọ̀gánwó ti wọ ìwé CITES, àdéhùn àgbáyé tó ń ṣọ́ òwò ẹranko àti igi tó lè tán, ní ìpàdé 2022, pákó wọn kì í kọjá láìsí ìwé àṣẹ. Ìrókò ò sí níbẹ̀, síbẹ̀ ẹni tó ń kó o wọ Yúróòpù gbọ́dọ̀ mọ ibi tí wọ́n ti gé e.

Àǹtí Lyon: Má kọ «architecte» (ayàwòrán ilé) sára káàdì rẹ o. Òfin 1977 fi orúkọ yẹn sílẹ̀ fún àwọn tó wà nínú ẹgbẹ́ wọn. «Décorateur» (ẹni tó ń ṣe inú ilé lọ́ṣọ̀ọ́) ò ní wàhálà. Tí o bá sì máa wó ògiri, gba ìnṣọ́ránsì décennale, ti ọdún mẹ́wàá, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ Ouando, Àjàṣẹ́: Ẹ ṣeun púpọ̀. Tọ́ntọ́n, ẹ̀rọ tó ń wọn omi inú igi, ṣé èyí tó ní abẹ́rẹ́ méjì ni kí n rà?

Tọ́ntọ́n Marseille: Òun náà ni. Gé pákó náà láàárín, kí o gún un síbi tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ gé. Má gún un létí, etí ti máa ń gbẹ ṣáájú.