Ta ló ti ka D. H. Lawrence rí? Ẹ wá sọ bó ṣe ṣe yín

Akéwì Òkè-Àdó: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Wọ́n ń jiyàn níbi iṣẹ́ wa lánàá lórí D. H. Lawrence, òǹkọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì tí ilé ẹjọ́ London ní kí wọ́n dáná sun ìwé rẹ̀ *The Rainbow* ní 1915. Ẹ̀dà tó lé ní ẹgbẹ̀rún ló jóná. Ta ló ti ka ìwé ọkùnrin yìí nínú wa? Níbo lẹ ti rí i, kí ló ṣe yín? Ẹ má dáhùn bí ẹni ń ṣe ìdánwò o. Ìrírí ni mò ń bèèrè.

Lékan: Ṣé ẹni tó gun ràkúnmí ní ilẹ̀ Lárúbáwá nìyẹn? Mo wo fíìmù ẹ̀.

ỌmọTíṣà: T. E. Lawrence nìyẹn. Eléyìí ò gun ràkúnmí. Ìyàwó olùkọ́ rẹ̀ ní yunifásítì ló gbé sá lọ.

Lékan: Haa! Ẹ jẹ́ n wá ìjókòó.

Àdùkẹ́ Notts: Èmi ò kà á nílé ìwé, ibi iṣẹ́ ni mo ti gbọ́ orúkọ ẹ̀. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́, kò jìnnà sí Eastwood, ìlú tí wọ́n bí i sí ní 1885. Bàbá kan wà lọ́dọ̀ wa tó jẹ́ pé iṣẹ́ èédú ló ṣe títí wọ́n fi ti kòtò wọn pa. Onínúure èèyàn ni, àwàdà ló sì fi ń jẹun. Lọ́jọ́ kan mo sọ fún un pé mo fẹ́ lọ wo ilé tí wọ́n ti bí Lawrence ní Victoria Street, tí wọ́n ti sọ di mùsíọ́mù báyìí. Ẹ wo ojú bàbá yìí! Ó ní, "Ta ni? Ọmọ tó ta bàbá ẹ̀ yẹn?"

Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Awakùsà ni bàbá Lawrence, Arthur lorúkọ ẹ̀. Agbára káká ló fi lè kọ orúkọ ara ẹ̀. Ìyá ẹ̀, Lydia, ti ṣe iṣẹ́ olùkọ́ díẹ̀ kó tó lọ́kọ, kò sì fẹ́ kí ọmọ òun kankan wọ kòtò. Ọkọ ń mutí, ìyàwó ń gàn án, àwọn ọmọ sì lọ sẹ́yìn ìyá. Nígbà tí ìwé ẹ̀ *Sons and Lovers* jáde ní 1913, kò sẹ́ni tí kò mọ ilé tó ń sọ ní Eastwood. Bàbá yìí ní bàbá òun àgbà máa ń sọ pé ọlọ́yàyà èèyàn ni Arthur, pé ó mọ ijó jó. Ó ní kí ni ọmọ rí tí kò fi kọ ìyẹn?

Mo lọ mùsíọ́mù náà ṣá. Ilé kékeré ni, èèyàn méjì ò lè pàdé lórí àtẹ̀gùn ẹ̀. Mi ò sọ fún bàbá.

Bàbá Kọ́lá: Bàbá yẹn sọ̀rọ̀ fún mi. Ọmọ kì í gbé ìdọ̀tí ilé bàbá ẹ̀ lọ sí ọjà, kó tún máa gbowó lé e. Ẹ̀kọ́ ilé ni kò kọ́.

ỌmọTíṣà: Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ti ka ìwé náà ṣá? Bàbá inú ìwé yẹn gan-an ló dùn jù nínú ẹ̀. Ẹ ka ibi tó ti jókòó tó ń tún bàtà ṣe, tó ń ki ẹ̀tù sínú pòròpórò tí wọ́n máa fi ṣáná nínú kòtò, tí àwọn ọmọ yí i ká, tó sì ń sọ ìtàn ẹṣin kékeré tó máa ń wá tábà nínú àpò àwọn òṣìṣẹ́ fún wọn. Ẹni tó kórìíra bàbá ẹ̀ kò lè kọ ibẹ̀ yẹn.

Bàbá Kọ́lá: Mi ò kà á. Ṣé ó dìgbà tí mo bá ka ìwé kí n tó mọ ohun tó dáa?

Ìyá Ìbejì: Ẹ̀yin ọkùnrin, bàbá bàbá lẹ̀ ń wí. Kò sẹ́ni tó bèèrè ìyá nínú yín. Ọmọ márùn-ún ni obìnrin yẹn bí fún un.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ ni mo ti ka ìwé yìí, olùkọ́ wa kàn fi kún iṣẹ́ wa ni. Mò ń kà á lọ bí ẹni ń jẹ ẹ̀bà tútù títí mo fi dé ibi tí ọkùnrin yẹn ti mutí wálé lóru, tó ti ìyàwó ẹ̀ tó lóyún mọ́ta sínú ọgbà. Mo pa ìwé dé. Bàbá tiwa náà ti ìyá wa mọ́ta rí, òjò sì ń rọ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ Màmá Risi ni wọ́n sùn mọ́jú, ní àárọ̀ wọ́n padà wá, wọ́n dáná ògì. A ò sọ ọ́ rí nílé wa títí di òní. Mi ò mọ pé wọ́n máa ń kọ irú ẹ̀ sínú ìwé. Òyìnbó ọmọ awakùsà ló kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ ilé wa lójú mi.

Àdùkẹ́ Notts: Ẹ pẹ̀lẹ́ mà.

Lékan: Ẹ pẹ̀lẹ́ Màmá.

Bàbá Kọ́lá: Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ìyá Ìbejì. Ó dùn mí. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, ẹ̀yin ò kọ tiyín sínú ìwé.

Ìyá Ìbejì: Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ọ́ síbí yìí ni, ẹ sì ti kà á.

ỌmọTíṣà: 😂😂 Ẹ̀gbọ́n, ẹ sinmi.

Ọmọ Lọ́yà: Ẹ jẹ́ kí n mú ẹ̀rín díẹ̀ wá. Bàbá wa ń kọ́ òfin ní London ní 1960. A ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira ní oṣù kẹwàá, oṣù tó tẹ̀lé e ni ẹjọ́ ìwé Lawrence, *Lady Chatterley's Lover*, parí ní ilé ẹjọ́ Old Bailey. Lawrence ti kú láti 1930, ilé iṣẹ́ Penguin ni wọ́n fi ẹ̀sùn kàn pé wọ́n fẹ́ tẹ ìwé ìṣekúṣe. Agbẹjọ́rò ìjọba dìde níwájú àwọn ará ìlú méjìlá tó ń dá ẹjọ́, ó bi wọ́n bóyá wọ́n máa fẹ́ kí ìyàwó wọn, tàbí ìránṣẹ́ ilé wọn pàápàá, ka irú ìwé bẹ́ẹ̀. Obìnrin mẹ́ta sì wà lára àwọn méjìlá náà! Bàbá wa ní gbogbo àwọn tó ń kọ́ òfin ló ń fi ìbéèrè yẹn bú ara wọn nílé oúnjẹ: "Ṣé o máa fẹ́ kí ìránṣẹ́ rẹ jẹ ìrẹsì yìí?"

Ní November 2 wọ́n ní Penguin ò jẹ̀bi. Ṣílè mẹ́ta àti sísì ni wọ́n ń tà á. Àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ń gbé ilé kan náà dáwó jọ, wọ́n ra ẹyọ kan, wọ́n ń kà á ní ìpín-ìpín. Bàbá wa ló gbé e wálé ní ìkẹyìn. Wọ́n fi kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì bo èèpo ẹ̀, wọ́n tì í sáàárín àwọn ìwé òfin. Ibẹ̀ ni mo ti jí i nígbà tí mo wà ní fọ́ọ̀mù fọ́ọ̀. Mo wá ibi tí wọ́n torí ẹ̀ rojọ́ títí. Ọ̀rọ̀ èédú, òdòdó inú igbó, ọkọ tó jókòó sórí kẹ̀kẹ́ arọ tó ń rojọ́ lórí àwọn òṣìṣẹ́, ni mò ń bá pàdé. Kí n tó débẹ̀, oorun ti gbé mi lọ.

Ẹlẹ́rìí Kejì: Ẹ ní wọ́n dáwó ra ìwé? Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò rí owó gáàsì ju sínú mítà? Bàbá yín ń pa àlọ́ fún yín.

Ọmọ Lọ́yà: Ẹ wá wo ìwé náà nílé wa. Orúkọ márùn-ún ló wà nínú ẹ̀, wọ́n fa ìlà pa mẹ́rin.

Akéwì Òkè-Àdó: Ìtẹ̀jáde àkọ́kọ́ ìwé yẹn tún dùn ju báyìí lọ. Kò sẹ́ni tó fẹ́ tẹ̀ ẹ́ ní England, ni Lawrence bá gbé e lọ sí Florence, ní Italy, ní 1928. Àwọn tó to lẹ́tà ẹ̀ ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí wọ́n ṣàlàyé ohun tó wà nínú ẹ̀ fún ọ̀kan nínú wọn, ó ní ṣebí ohun tí àwọn ń ṣe lójoojúmọ́ náà ni.

Ìyá Ìbejì: 😂 Ọlọ́gbọ́n èèyàn.

Ọmọ Èkìtì: Gbogbo yín ń yin ọkùnrin tó gba ìyàwó oníyàwó. Frieda, ìyàwó olùkọ́ rẹ̀ yẹn, ní ọmọ mẹ́ta nílé ọ̀jọ̀gbọ́n Weekley. Ní 1912 ó ju gbogbo wọn sílẹ̀ torí ọmọkùnrin tí òun fi ọdún mẹ́fà jù. Kí lẹ fẹ́ pe ìyẹn?

Àdùkẹ́ Notts: Kò jù wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bàbá àwọn ọmọ ni kò jẹ́ kó rí wọn mọ́. Ó máa ń lọ dúró dè wọ́n lójú ọ̀nà ilé ìwé ní London kó lè fojú kàn wọ́n.

Ọmọ Èkìtì: Ta ló ní kó lọ?

Ìyá Ìbejì: Ta ló ní kí Lawrence wá jẹun nílé olùkọ́ ẹ̀? Ẹ bi òun náà.

Ará Truro: Ohun tí mo mọ̀ nípa àwọn méjèèjì ni ti Cornwall, nítorí ibí ni mò ń gbé. Ọmọ Jámánì ni Frieda, ogun àgbáyé àkọ́kọ́ sì ń lọ lọ́wọ́ láàárín England àti Jámánì. Wọ́n ń gbé Zennor, etí òkun. Àwọn aládùúgbò ní wọ́n ń fi iná ṣe àmì fún ọkọ̀ abẹ́ omi àwọn Jámánì. Ní October 1917 ọlọ́pàá wá tú ilé wọn, wọ́n sì ní kí wọ́n kúrò ní Cornwall láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Mo gbà á gbọ́ láìsí iyèméjì. Nígbà tí a ṣe ìsọmọlórúkọ ọmọ wa àkọ́kọ́, aládùúgbò kan pe ọlọ́pàá pé àwọn èèyàn tó wọ aṣọ kan náà ń kóra jọ.

Lékan: Aṣọ ẹbí ti di aṣọ ológun 😂

Ọmọ Ìlobùú: Ẹ má wá sọ ọ́ di ẹni mímọ́ o. Mo ka *Women in Love* nígbà tí mò ń ṣe máàsítà. Ère igi kan wà níbẹ̀, obìnrin, láti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, wọ́n di irun ẹ̀ sókè bíi bàrà. Ọ̀gbẹ́ni Birkin inú ìwé náà ń ronú nípa ère yìí, ó ní àwọn tó gbẹ́ ẹ ti kú nínú ọkàn láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, ara nìkan ló kù. Ìdílé agbẹ́gilére ni mo ti wá. Bàbá mi àgbà á gbẹ́ ère tán, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá oníbàárà fa ọ̀rọ̀ owó. Ọkàn wo ló kú níbẹ̀?

ỌmọTíṣà: Birkin ló sọ ọ́, kì í ṣe Lawrence.

Ọmọ Ìlobùú: Ẹnu Lawrence ni Birkin fi ń jẹun.

Bàbá Kọ́lá: Mo sọ ọ́ fún yín pé kò lẹ́kọ̀ọ́ ilé.

Ìyá Ìbejì: Irun tí wọ́n dì sókè bíi bàrà? Ṣùkú nìyẹn.

Onídìrí Peckham: Kì í ṣe ṣùkú. Tó bá ga tó sì rí roboto, kò lè jẹ́ ṣùkú lásán. Ẹ fi fọ́tò ránṣẹ́.

Ọmọ Ìlobùú: Ìwé ìtàn ni mà, kò ní fọ́tò.

Onídìrí Peckham: Báwo wá ni Ìyá Ìbejì ṣe mọ̀ pé ṣùkú ni? Ó lè jẹ́ àgògo.

Ìyá Ìbejì: Àgògo rí roboto? Níbo lẹ ti kọ́ṣẹ́?