Ọmọ mi ń gé ẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ ní nọ́sìrì, wọ́n ní kí n wá sí kíláàsì òbí

Ìyá Tòmíwá (Leeds): Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ọmọ Àkúrẹ́. Tòmíwá, ọmọ ọdún mẹ́rin, ti gé ọmọ méjì jẹ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Bí mo bá ní kó wọ bàtà, ariwo ni. Bí mo bá pa tẹlifíṣọ̀n, ilẹ̀ ló ń sùn sí. Health visitor, nọ́ọ̀sì tó ń bẹ àwọn ọmọ kékeré wò nílé, ní òun fẹ́ fi orúkọ mi sílẹ̀ fún kíláàsì àwọn òbí, ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlá gbáko. Ọkọ mi ní ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ orúkọ èèyàn sílẹ̀ láti gba ọmọ lọ́wọ́ ẹ̀. Ìyá mi pè láti Òkè-Àró, wọ́n ní pàṣán ló kù. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ̀gbọ́n Ìjàpọ̀ (Manchester): Àbúrò mi, lọ. Oṣù mẹ́fà ni mo fi sá fún tèmi nítorí irú ẹ̀rù yẹn, ó sì ń dùn mí títí di òní. Ọ̀tọ̀ ni kíláàsì, ọ̀tọ̀ ni social services, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ààbò ọmọ. Ìlànà tí NICE, àjọ tó ń ṣe ìlànà ìtọ́jú ìlera ní England, gbé jáde ní 2013 gan-an ló ní kí wọ́n máa fi í lọ àwọn òbí tí ìwà ọmọ wọn le, láti ọmọ ọdún 3 sí 11: ìpàdé 10 sí 16, wákàtí kan ààbọ̀ sí méjì lẹ́ẹ̀kan. Incredible Years ni tèmi, èyí tí Carolyn Webster-Stratton dá sílẹ̀ ní Seattle. Ibòmíràn ń lo Triple P, ará Australia nìyẹn. Kí o tó gbà, bi wọ́n bóyá ẹnì kan á máa bá ẹ wo ọmọ níbẹ̀, àti bóyá wọ́n ní ti ìrọ̀lẹ́.

Mo rò pé ìbáwí ni wọn yóò fi bẹ̀rẹ̀. Rárá o, eré ni! Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lójúmọ́, kí ọmọ máa ṣe ọ̀gá, kí ìwọ máa tẹ̀lé e. Mo jókòó sórí kápẹ́ẹ̀tì, ọmọ ń to búlọ́ọ̀kù, ẹnu mi ò sinmi: “Àwọ̀ wo nìyí? Mélòó ni? Ṣé báyìí ni wọ́n ń kọ́lé?” Ó fẹsẹ̀ gbá gbogbo ẹ̀ dànù. Lọ́jọ́ kejì, mo ń ròyìn ohun tó ń ṣe nìkan: “O gbé pupa lé funfun. O tún ń wá òmíràn.” Ó wò mí bí ẹni tí ara ẹ̀ ò yá. Nígbà tó yá, ó na búlọ́ọ̀kù kan sí mi: “Mọ́mì, tìrẹ rèé.” Ọmọ tí kì í fún ẹnikẹ́ni ní nǹkan.

Ìyìn ló tẹ̀ lé e, òun ló sì nira jù fún mi. Kì í ṣe “ọmọ dáadáa” lásán. Dárúkọ ohun tó ṣe: “O kó bàtà ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn.” Kí o sì dákẹ́ síbẹ̀. Àwa máa ń so ìrù mọ́ ọn: “O ṣeun, àná ńkọ́ tí o kọ̀?” Ìrù yẹn ló ń ba gbogbo ẹ̀ jẹ́.

Ìbáwí dé lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn: òfin díẹ̀ tó yé ọmọ, ká má dá igbe ẹ̀tàn lóhùn, kó lọ jókòó sọ́tọ̀ fún ìṣẹ́jú mélòó kan bó bá lu èèyàn. A tún máa ń ṣe é bí eré orí ìtàgé. Bàbá onírùngbọ̀n kan ṣe ọmọ, ó ń yí gbirigbiri nílẹ̀ pé òun ò ní gbé fóònù sílẹ̀. Ó mọ̀ ọ́n ṣe ju ọmọ mi lọ.

Bàbá Ìbejì (Cardiff): Ẹ bá wa sọ fún Màmá pé ọ̀rọ̀ pàṣán ti kásẹ̀ ńlẹ̀. Scotland fòfin dè é ní November 2020, Wales níbí ní March 2022. England ṣì fi àyè “ìbáwí tó mọ níwọ̀n” sílẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ lọ máa wọn ìwọ̀n níwájú ọlọ́pàá? Kí bàbá ọmọ náà lọ o. Ìyàwó mi nìkan ló kọ́kọ́ ń lọ. Ohun tó bá kọ́ bọ̀ ní Tuesday, èmi ni mò ń bà á jẹ́ ní Wednesday.

Nọ́ọ̀sì Ìsìnkàn (Birmingham): Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ etí ẹ̀ wò pẹ̀lú, kí wọ́n sì wo bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Ọmọ tí kò gbọ́ dáadáa lè dà bí olóríkunkun.

Màmá Alágbàká (Àkúrẹ́): Mo ti padà sílé báyìí, àwọn ọmọ-ọmọ ló wà lọ́wọ́ mi. Má fi “òyìnbó ní” bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ pẹ̀lú ìyá ẹ, inú á bí wọn. Gbé iṣẹ́ fún wọn. Ní kí wọ́n máa ki Tòmíwá ní oríkì lórí fóònù láàárọ̀, kí wọ́n má sì so ìrù mọ́ ọn. Àwa ìyá àgbà mọ oríkì í kì. Ìrù yẹn la ò mọ̀ ọ́n gé.

Ìyá Tòmíwá (Leeds): Ẹ ṣeun gan-an, mo ti pe health visitor padà. Thursday la ó bẹ̀rẹ̀. Dádì Tòmíwá ní òun á fi mọ́tò gbé mi lọ, òun á sì dúró dè mí níta, òun ò ní wọlé.

Bàbá Ìbejì (Cardiff): Wákàtí méjì ni. Kó mú jákẹ́ẹ̀tì dání, inú mọ́tò máa ń tutù.