Ta ló ti tún ìwé ìtàn àtijọ́ tẹ̀ rí?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ìlú Kétu ní orílẹ̀-èdè Benin ni mo ń gbé. Èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi kan fẹ́ tún àwọn ìtàn kéékèèké Yorùbá tí wọ́n tẹ̀ ní Nàìjíríà ṣáájú ọdún 1960 tẹ̀ jáde, kí àwọn ọmọ wa lè rí nǹkan kà yàtọ̀ sí ìwé Faransé.

Òfin Nàìjíríà ti ọdún 2022 ní ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé ń wà fún 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Tiwa níbí náà rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó kọ èyí tí mo fẹ́ràn jù kò tíì pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tó kú, ilé iṣẹ́ tó tẹ̀ ẹ́ sì ti kógbá wọlé. Báwo la ṣe ń wá àwọn àrólé?

Àkọtọ́ ló ń kọ mí lóminú jù. "Aiye", "enia", "nwọn" ló kún inú wọn, àmì ohùn kò sì tó nǹkan. Ní tèmi, ó yẹ kí ọmọ ọdún mẹ́wàá lè kà á láìsí olùkọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, nítorí náà mo fẹ́ yí i padà. Ṣùgbọ́n sí èwo? Nínú álífábẹ́ẹ̀tì ìjọba wa níbí, ɛ àti ɔ ni, kì í ṣe ẹ àti ọ. Tí a bá lò ó, ṣé àwọn ará Ìmẹ̀kọ lódìkejì ẹnubodè á rà á?

Ọwọ́ ni mo fi ń tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà, torí ètò tó ń ka fọ́tò ìwé máa ń da àmì orí àti ti ìdí rú. Bí ẹ bá mọ èyí tó gbọ́ Yorùbá dáadáa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárúkọ rẹ̀ fún mi.