Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ lórí òkun: báwo la ṣe lè jọ tọ́ àwọn ọmọ?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Iléṣà ni èmi àti àwọn ọmọ ń gbé, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti ń wa epo láàrin òkun ni ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́: ọjọ́ 28 lórí omi, níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ wákàtí 12 lójúmọ́, lẹ́yìn náà ọjọ́ 28 nílé. Owó kọ́ ni ìṣòro wa, mo dúpẹ́.

Ohun tó ń dà mí láàmú ni pé, bí ó bá ti wọlé, gbogbo òfin tí mo fi lélẹ̀ ló máa ń dàrú. Àkọ́bí wa, tó mọ̀ pé a kì í wo tẹlifíṣọ̀n kí a tó ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, á ti ìwé sábẹ́ àga, á lọ jókòó ti bàbá rẹ̀, òun náà á sì ní kí n fi ọmọ sílẹ̀, pé ó ti pẹ́ tí àwọn ti ríra. Ìyá ọkọ mi ní kí n mú sùúrù (ọkọ tiwọn kì í kúkú sùn síta). Àwọn kan ní kí a kó lọ sí Port Harcourt, ṣùgbọ́n ìyẹn kò ní dín ọjọ́ tó ń lò lórí omi kù.

Ẹ̀yin tí ọkọ tàbí aya yín ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, ṣé kí ó tó délé ni ẹ máa ń fẹnu kò lórí òfin ilé, àbí ẹ máa ń jẹ́ kí ó kọ́kọ́ sinmi ná?