Ọmọ mi wọ ètò Honors ní community college ní Texas: ọ̀nà wo ni ó lè gbà rí sìkọ́láṣíìpù dé yunifásítì?

Bàbá Ìgbógbó (Ìkòròdú)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ọmọbìnrin mi wà ní Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas, níbi tí ó ti ń kàwé ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún méjì, irú èyí tí wọ́n ń pè ní community college, ó sì fẹ́ di onímọ̀ ẹ̀rọ. Físà akẹ́kọ̀ọ́, ìyẹn F-1, ni ó fi wọ ìlú náà. Kò sí iṣẹ́ kan tí kò ti gba A ní sáà àkọ́kọ́, nítorí náà wọ́n ti mú un wọ ètò Honors ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀, ìyẹn ètò àkànṣe fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí èsì wọn dára. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ìwé kan tún wọlé sórí ímeèlì rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ kan tí ń jẹ́ Phi Theta Kappa, tí ó ní kí ó wá dara pọ̀ mọ́ àwọn, kí ó sì san owó ìforúkọsílẹ̀.

Ìnáwó ni ó mú mi wá síbí. Nígbà tí èmi àti ìyá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú owó láti inú ṣọ́ọ̀bù wa ní Sábó, dọ́là kan kò tó ₦500 ní báńkì. Lẹ́yìn oṣù kẹfà ọdún 2023, tí ìjọba yọwọ́ kúrò nínú iye náírà, dọ́là kan kọjá ₦1,400, ohun tí a rò pé yóò tó ọdún mẹ́rin kò sì lè kọjá ọdún méjì mọ́. Mo fẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n là mí lọ́yẹ̀. Ṣé ojúlówó ni ẹgbẹ́ yìí, àbí àwọn oníjìbìtì ni? Ṣé ètò Honors yìí ń mú owó wá, àbí orúkọ lásán ni? Tí ó bá sì parí ọdún méjì, báwo ni ẹni tí kì í ṣe ọmọ Amẹ́ríkà, tí kò sì ní green card, ìyẹn ìwé ìgbélùú, ṣe lè dé yunifásítì láìjẹ́ pé gbèsè wọ́ wa lọ?

Olùkọ́ Ìjẹ̀dè

Ẹ kú oríire ọmọ, sà. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ẹ jẹun ọmọ.

Ojúlówó ni Phi Theta Kappa. Ní Missouri ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ ní 1918, nígbà tó sì di 1929, àjọ àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún méjì ní Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó dáńtọ́ ní irú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n sábà máa ń béèrè ni pé kí akẹ́kọ̀ọ́ ti ṣe tó kírẹ́díìtì 12, kí CGPA rẹ̀ sì tó 3.5 nínú 4. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń san owó ìforúkọsílẹ̀ náà, kì í ṣe ọdọọdún.

Bí ó ti wù kí ó rí, ẹ má jẹ́ kí ó tẹ ìlujá (líǹkì) inú ímeèlì kankan láti sanwó. Ẹ̀ka ẹgbẹ́ náà wà nínú kọ́lẹ́ẹ̀jì fúnra rẹ̀, olùkọ́ kan ni ó sì máa ń jẹ́ alámòójútó rẹ̀. Kí ó wá olùkọ́ náà lọ sí ọ́fíìsì, kí ó fi ìwé náà hàn án, kí ó sì béèrè bóyá ilé ẹ̀kọ́ lè bá a san owó náà, nítorí àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì kan máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọmọ tí kò rọ́wọ́ họrí. Mo ń tẹnu mọ́ èyí nítorí pé ọmọ tí èsì rẹ̀ bá dára, oríṣiríṣi ìwé ìpè ni yóò máa bọ́ sínú ímeèlì rẹ̀, àwọn mìíràn nínú wọn kò sì ní ju pé wọ́n gba owó lọ́wọ́ ọmọ, kí wọ́n fi sátífíkéètì kan ránṣẹ́ sí i. Ẹni tó bá sì ní òun yóò gba owó lọ́wọ́ yín níbí kí òun tó bá yín wá sìkọ́láṣíìpù, ẹ má dá a lóhùn rárá.

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé àwọn òbí tó ń kà á: ẹ wo ọmọ tó gba ND ní Laspotech wa níbí, tí ó ti di LASUSTECH láti 2022, tí ó wá gba Direct Entry lọ sí yunifásítì ní ipele 200. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀nà community college rí, àfi pé tiwọn lè gbé ọmọ wọ ọdún kẹta tààrà, bí iṣẹ́ tí ó ṣe bá bá ohun tí yunifásítì ń fẹ́ mu. Bí iṣẹ́ náà kò bá mu ńkọ́? Ẹni tó wà níbẹ̀ ni kó sọ ìyẹn.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ní Texas

Ẹ káàárọ̀ sà. Ọ̀nà yìí gan-an ni mo gbà, láti community college dé yunifásítì ìjọba, pẹ̀lú F-1. Màá dáhùn bí mo ṣe mọ̀ ọ́n.

Ètò Honors fúnra rẹ̀ kì í sábà mú owó ńlá wá. Ní àwọn ibì kan, wọ́n máa ń dín owó kíláàsì kù tàbí kí wọ́n fún ọmọ ní ìwọ̀nba ìrànwọ́, ṣùgbọ́n ìwúlò rẹ̀ tòótọ́ wà nínú ohun tó máa ń ṣí sílẹ̀ lẹ́yìn náà. Kíláàsì Honors kì í ní èrò púpọ̀, olùkọ́ á mọ orúkọ ọmọ, á mọ bí ó ṣe ń ronú, á sì rí i nídìí iṣẹ́ ìwádìí. Lẹ́tà tí irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀ bá kọ yàtọ̀ pátápátá sí ti ẹni tó kàn rí èsì ìdánwò. Bí kíláàsì kan kò bá sì sí lábẹ́ Honors, akẹ́kọ̀ọ́ lè bá olùkọ́ ṣe àdéhùn, kí ó fi iṣẹ́ kan kún èyí tí àwọn yòókù ń ṣe, kí wọ́n sì kà á sí kíláàsì Honors. Fún ẹni tó fẹ́ kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ, ọ̀nà yìí dára púpọ̀.

Nípa owó, ohun àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni òfin kan tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa kò gbọ́ nípa rẹ̀ títí wọ́n fi parí. Ní Texas, iye tí àwọn tí kì í ṣe ará ìpínlẹ̀ náà ń san ní yunifásítì ìjọba pọ̀ ní ìlọ́po ju ti ará ìpínlẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bí akẹ́kọ̀ọ́ bá gba sìkọ́láṣíìpù ìdíje tí kò dín ní $1,000 fún ọdún ẹ̀kọ́ kan láti ọwọ́ yunifásítì ìjọba tí ó ń lọ, tí ó sì jẹ́ pé òun àti àwọn ọmọ Texas ni wọ́n jọ du ú, òfin gbà kí ó máa san iye tí ará Texas ń san, ìbáà tilẹ̀ jẹ́ pé láti Ìkòròdú ni ó ti wá. Ẹ wá rí i pé sìkọ́láṣíìpù $1,000 tí àwọn ènìyàn máa ń fojú di lè gba òbí lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ẹgbẹ̀rún dọ́là lọ́dún. Iye àwọn tí yunifásítì lè fi sábẹ́ òfin yìí ní ààlà, nítorí náà ẹni tó bá tètè kọ̀wé ni ó ń rí i. Ìbéèrè tí ọmọ yín gbọ́dọ̀ bi yunifásítì kọ̀ọ̀kan ni èyí: nínú sìkọ́láṣíìpù tí ẹ ń fún àwọn tó ń bọ̀ láti community college, èwo ni ó mú ìdínkù owó yìí lọ́wọ́? Ọ̀pọ̀ yunifásítì ní èyí tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ọmọ ẹgbẹ́ Phi Theta Kappa, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ó bá òfin náà mu, kí ó béèrè kó tó gbọ́kàn lé e.

Ẹgbẹ́ náà fúnra rẹ̀ ní ìdíje tirẹ̀. Èyí tó lókìkí jù ni All-USA Academic Team, níbi tí wọ́n ti ń yan akẹ́kọ̀ọ́ 20, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn sì ń gba $5,000. Ìwé ìbéèrè kan náà ni wọ́n fi ń yan àwọn tí Coca-Cola ń fún ní owó, tí ẹni ipò wúrà ń gba $1,500. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ni ó ń fa orúkọ ọmọ kalẹ̀, ọmọ kò lè fa ara rẹ̀ kalẹ̀, ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí àwọn aláṣẹ ilé ẹ̀kọ́ ti mọ̀ ọ́n kí ọdún kejì tó bẹ̀rẹ̀.

Èyí tó tóbi jù nínú gbogbo wọn ni ti Jack Kent Cooke Foundation. Wọ́n lè san tó $55,000 lọ́dún fún ẹni tó ń ti community college lọ sí yunifásítì, wọn kì í sì í béèrè pé kí ó jẹ́ ọmọ onílùú. Ìdíje rẹ̀ le gan-an. Kì í ṣe máàkì nìkan ni wọ́n ń wò, wọ́n ń wo bí nǹkan ṣe rí fún ìdílé, àwọn ìdíwọ́ tí ọmọ ti là kọjá, àti ohun tó ti ṣe fún àwọn ẹlòmíràn. Kí ọmọ yín kọ̀wé síbẹ̀. Bákan náà, Princeton tún bẹ̀rẹ̀ sí í gba àwọn tó ń bọ̀ láti ilé ẹ̀kọ́ mìíràn ní 2018, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tí wọn kò gbà wọ́n, wọ́n sì ní àwọn ń wá ọmọ community college ní pàtàkì. Owó ìrànwọ́ wọn kì í ṣe ẹ̀yáwó. Àwọn díẹ̀ ni wọ́n ń mú, nítorí náà kò gbọdọ̀ jẹ́ ibẹ̀ nìkan ni ó kọ̀wé sí.

Ìdáhùn sí ohun tí Olùkọ́ Ìjẹ̀dè béèrè ló kù, òun ló sì ń dun ọ̀pọ̀ ọmọ lẹ́yìn ọdún méjì. Ní Texas, iṣẹ́ ìpìlẹ̀ kan wà tó jẹ́ kírẹ́díìtì 42. Ẹni tó bá parí rẹ̀ tán, gbogbo yunifásítì ìjọba ìpínlẹ̀ náà ni yóò gbà á lódindi. Èyí dára fún ẹni tó fẹ́ kọ́ ìtàn tàbí ìṣàkóso, ṣùgbọ́n kò tó fún onímọ̀ ẹ̀rọ. Ìṣirò Calculus àti físíìsì ni wọ́n máa fi wọn ọmọ yín. Bí ó bá kó kírẹ́díìtì 60 dé ọ̀hún láìní Calculus I, tó ń jẹ́ MATH 2413, àti Calculus II, tó ń jẹ́ MATH 2414, wọn yóò gbà á, àmọ́ yóò tún lo ọdún kan sí i kí ó tó wọ kíláàsì ọdún kẹta, ẹ̀yin ni ẹ ó sì san owó ọdún náà. Àwọn nọ́ḿbà wọ̀nyí kò yàtọ̀ láti kọ́lẹ́ẹ̀jì kan sí èkejì ní Texas. Kí ó gbé wọn sí ẹ̀gbẹ́ àtòjọ iṣẹ́ tí yunifásítì tó wù ú ń béèrè, kí ó ṣe é ní sáà yìí.

Ìyá Ìbejì (Badagry)

Ẹ ṣeun, ọmọ Ẹ̀pẹ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wà ní community college ní Maryland, ṣùgbọ́n green card ni tirẹ̀. Ṣé ọ̀nà kan náà ni?

Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ní Texas

Tirẹ̀ rọrùn jù, mà. Ẹni tó ní green card lè kún ìwé FAFSA, tí ìjọba àpapọ̀ fi ń mọ ẹni tí owó ìrànwọ́ tọ́ sí, ó sì lè gba Pell Grant, tí iye tó ga jù rẹ̀ jẹ́ $7,395 fún ọdún ẹ̀kọ́ 2024 sí 2025. Wọn kì í san án padà. Kí ó kún un lọ́dọọdún, kódà bí ó bá rò pé owó tí àwọn òbí òun ń gbà ti pọ̀ jù. Ọmọ tó wà lórí F-1 kò lè gba ìyẹn rárá, nítorí bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe pa á tì nínú ìdáhùn mi sí bàbá.

Bàbá Ìgbógbó (Ìkòròdú)

Ẹ ṣeun gidigidi. Mo ti ka gbogbo rẹ̀ fún un lórí fóònù. Ó ní MATH 2413 ni òun ń ṣe lọ́wọ́, ọkàn mi sì balẹ̀ díẹ̀. Ohun méjì ni ó ní kí n bá òun béèrè. Ẹ̀rù ń bà á pé kíláàsì Honors lè fa CGPA rẹ̀ wálẹ̀. Ó sì ń ronú láti wá iṣẹ́ kan ṣe kí ẹrù wa lè fúyẹ́.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ní Texas

Ẹ bá mi kí i, sà. Lórí CGPA, kí ó mú kíláàsì Honors kan tàbí méjì ní sáà kan, kí ó sì jẹ́ nínú iṣẹ́ tí ó fẹ́ràn. Kò sí ẹni tó ń fún un ní ẹ̀bùn nítorí pé gbogbo kíláàsì rẹ̀ jẹ́ Honors, ṣùgbọ́n CGPA tó bá já wálẹ̀ kúrò ní 3.5 lè ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn níbi púpọ̀. Kò sì gbọdọ̀ torí ìbẹ̀rù ju kíláàsì kan sílẹ̀ débi pé kírẹ́díìtì rẹ̀ yóò dín ní 12 ní sáà kan láìgba àṣẹ ọ́fíìsì tó ń bójú tó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè, nítorí físà rẹ̀ rọ̀ mọ́ ọn.

Lórí iṣẹ́, òfin F-1 gbà á láàyè láti ṣiṣẹ́ inú ọgbà ilé ẹ̀kọ́ fún wákàtí 20 lọ́sẹ̀ nígbà tí ẹ̀kọ́ ń lọ lọ́wọ́. Iṣẹ́ ìta láìgbàṣẹ lè ba gbogbo ohun tí ẹ ti ṣe jẹ́, ẹ bá a sọ ọ́ dáadáa, nítorí pé àwọn ọ̀rẹ́ yóò sọ fún un pé kò sí ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Ọmọ tó gba A nínú ìṣirò ni wọ́n máa ń wá láti kọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yàrá ìrànwọ́ ẹ̀kọ́. Kí ó lọ béèrè ibẹ̀ lọ́la.

Ohun kan wà tó kan ẹ̀yin òbí. Nígbà tí ó bá fẹ́ wọ yunifásítì, wọn yóò ṣe ìwé I-20 tuntun fún un, ìyẹn ìwé ẹ̀rí tí ilé ẹ̀kọ́ ń fún akẹ́kọ̀ọ́ F-1, wọn yóò sì ní kí ẹ fi àkọsílẹ̀ báńkì hàn pé owó ọdún kan wà nílẹ̀. Lẹ́tà sìkọ́láṣíìpù èyíkéyìí tó bá gbà, wọ́n á yọ iye rẹ̀ kúrò nínú ohun tí ẹ ní láti fi hàn. Nítorí náà kí ó tọ́jú gbogbo lẹ́tà bẹ́ẹ̀, kékeré tàbí ńlá, kí ó sì fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí yín. Kí sáà yìí tó parí, kí ó ti sọ fún olùkọ́ Calculus rẹ̀ pé òun yóò nílò lẹ́tà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọdún tó ń bọ̀.