Eré apanilẹ́rìn-ín lórí "dìbò kóo sebẹ̀" fún ọjọ́ ìlú: báwo la ṣe máa ṣe é tí ẹ̀rín ò fi ní gbé ọ̀rọ̀ mì?

Ọmọ-Òwé béèrè:

Òkún o, gbogbo ilé. Ẹgbẹ́ òṣèré wa ní Kàbà fẹ́ gbé eré kan jáde ní ọjọ́ ìlú lóṣù Kejìlá, lórí pápá gbangba, láago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Olóṣèlú ń pín owó àti ìrẹsì, ará ọjà ń gbà á. Òṣèré 12 la ní, pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀ kékeré kan, ìṣẹ́jú 45 ni ìgbìmọ̀ sì fún wa. Ohun tó ń kọ wá lóminú ni pé èrò á rẹ́rìn-ín títí, wọn á gbàgbé ohun tó fa ẹ̀rín. Ṣé ká fi ìwàásù díẹ̀ parí ẹ̀ ni? Èdè wo la sì máa lò, nígbà tí Òwé, Ìjùmú, Yàgbà, Ebira àti Haúsá máa pé síbẹ̀?

Ìlù-ò-dákẹ́:

Ẹ má wàásù rárá. Tí olùdarí bá bọ́ síwájú lẹ́yìn eré láti túmọ̀ ohun táwọn èèyàn ti fojú ara wọn rí, ó ń jẹ́wọ́ pé eré náà ò yọrí nìyẹn. Àwọn tó wà lẹ́yìn á sì ti máa gbé àga wọn.

Ibi tí ẹ̀rín ń bọ́ sí ni kí ẹ ṣọ́. Nínú irú eré yìí, kò ṣòro kí olóṣèlú di ààyò èrò: agbádá ńlá, ijó, owó tó ń fọ́n ká. Tó bá jẹ́ òun ló ń dá àpárá tó dùn jù, òun làwọn ọmọdé á máa sín jẹ lọ́jọ́ kejì. Òun ni kí wọ́n máa fi rẹ́rìn-ín, kóun fúnra ẹ̀ má mọ̀. Ẹ fún un ní kóńgò tí wọ́n ti tẹ ìdí ẹ̀ wọnú. Kò sẹ́ni tó ń ná ọjà tí ò mọ kóńgò yẹn. Kó máa fi wọn ìrẹsì bí ẹni tó ń ṣàánú. Kí ìyá kan gba kóńgò náà, kó dojú ẹ̀ délẹ̀, kó ti ìka bọ ihò ìdí ẹ̀, kó wá wo èrò. Kó má sọ nǹkan kan. Kó kà á sínú láti ení dé ẹ̀ta kó tó gbé e sílẹ̀. Ẹni tí ò gbọ́ Yorùbá pàápàá á lóye ẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ìṣirò. Tí olóṣèlú bá fún ẹnì kan ní 5,000 náírà fún ọdún mẹ́rin tóun máa lò lórí oyè, ìyẹn ọjọ́ 1,461, kò ju náírà mẹ́ta àti kọ́bọ̀ 42 lọ lójúmọ́. Tí wọ́n bá kàn pe iye yẹn, afẹ́fẹ́ á gbé e lọ. Kí ìyá náà mú ẹ̀pà, kóró kan dúró fún náírà kan: "Ti Ajé rèé," kóró mẹ́ta sọ́wọ́ ọmọ. "Ti Ìṣẹ́gun rèé," kóró mẹ́ta. Tó bá fi máa dé Ọjọ́rú, èrò á ti máa bá a ka ẹ̀.

Ẹ má fi ọ̀rọ̀ tó gbé ìtàn lé ẹ̀yìn àpárá tó dùn jù. Ẹ̀rín á bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ fi gbólóhùn méjì tí kò já mọ́ nǹkan kan sáàárín. Kí òṣèré sì dúró títí ẹ̀rín á fi rọlẹ̀ dé ìdajì kó tó sọ̀rọ̀. Tó bá dúró kó tán pátápátá, eré á tutù. Ìṣẹ́jú 45 tí wọ́n fún yín, ẹ kọ ti 33. Ẹ̀rín àti àtẹ́wọ́ á jẹ ìyókù. Nínú àwọn 12, èèyàn méje ni kó máa sọ̀rọ̀, kí àwọn yòókù ṣe èrò ọjà.

Ohun kan tún wà tó máa ń ba irú eré yìí jẹ́: òǹwòran á gun orí pèpéle wá láti náwó fún "olóṣèlú". Lójú ẹsẹ̀ ni eré yín ti di òdìkejì ara ẹ̀. Ẹ fi èèyàn méjì sẹ́sẹ̀ pèpéle pẹ̀lú abọ́, kí wọ́n gba owó náà níbẹ̀.

Amúga-Ẹ̀rọ:

Ẹ jẹ́ kí n ti ọ̀rọ̀ ohùn bọ̀ ọ́, torí eré tí wọn ò gbọ́, ẹ̀rín ibo ló kù? Ọyẹ́ ló ń fẹ́ lóṣù Kejìlá, láti àríwá ìlà-oòrùn. Ẹ kọ́ pèpéle sí apá ibẹ̀ gan-an, kí èrò kọjú sí i. Afẹ́fẹ́ á máa gbé ohùn lọ bá wọn, oòrùn ìrọ̀lẹ́ á wà lẹ́yìn wọn, á sì máa tan ojú òṣèré. Tí ẹ bá yí i padà, ojú èrò ni oòrùn á máa wọ̀, ohùn á sì máa sá kúrò lọ́dọ̀ wọn.

Igun gúúsù ìwọ̀-oòrùn ni kí jẹnẹrétọ̀ wà, ó kéré tán 40 mítà sí ẹni tó jókòó kẹ́yìn, lẹ́yìn ògiri tó bá ṣeé ṣe. Ẹ lo wáyà 2.5 mílímítà, tín-ín-rín á jẹ iná lójú ọ̀nà, sípíkà á sì máa kú tó ń jí. Ẹ kún epo kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ má da epo sí i nígbà tó ṣì gbóná.

Máìkì mẹ́ta lórí igi kúkúrú níwájú pèpéle sàn ju ọ̀kan tí wọ́n ń fà láti ọwọ́ dé ọwọ́. Kí sípíkà wà níwájú máìkì, kí ẹ̀yìn ẹ̀ kọ sí òṣèré, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á máa súfèé. Ẹ fi fóòmù bo orí máìkì nítorí afẹ́fẹ́. Omi tó lọ́ wọ́ọ́wọ́ sì ni kí òṣèré máa mu, torí ọyẹ́ máa ń gbẹ ọ̀fun.

Ọmọ-Ìjùmú:

Lórí èdè: Yorùbá tí gbogbo wa gbọ́ ni kí ìtàn máa rìn lórí ẹ̀. Kí àgbàlagbà obìnrin tàbí bàbá ọlọ́jà sọ Òwé tàbí Yàgbà bó ṣe dà gan-an, kí ẹni tó ń dá a lóhùn sì tún ọ̀rọ̀ náà gbà nínú ìdáhùn ẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣìnà. Ẹ má fi bí Ebira tàbí Haúsá ṣe ń pe Yorùbá ṣe ẹlẹ́yà. Ẹ̀rín ọ̀fẹ́ ni, òótọ́ ni, àmọ́ àwọn tó ti Òkéné wá á dìde lọ, wọ́n sì wà lára àwọn tí ẹ kọ eré náà fún.

Ẹ yẹ pèpéle wò dáadáa. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbá ọjà! Ìgbálẹ̀ ti di àmì ẹgbẹ́ òṣèlú, agboòrùn náà bẹ́ẹ̀. Bàbá, ìyá àti ọmọ kan tí wọ́n bá dúró pọ̀ lásán, ẹnì kan á ní ẹgbẹ́ kan lẹ ń polongo fún. Bí ẹ bá nílò ohun tó máa dí oòrùn, tapólì ni kẹ́ ẹ ta. Ẹ sọ fún ààfin, ìjọba ìbílẹ̀ àti ọlọ́pàá ṣáájú, ní ìwé. Bẹ́ ẹ bá sì fẹ́ gba eré náà sórí fídíò fún títà, ti àjọ tó ń yẹ fíìmù àti fídíò wò, tí òfin 1993 dá sílẹ̀, tún yàtọ̀.

Ìyá-Ẹlẹ́pà:

Mi ò fara mọ́ eré tó ń sọ ẹni tó gba owó di òmùgọ̀. Ta ló wà lórí pápá yẹn? Àwọn tó gbà á ni. Tí ẹ bá bú wọn, wọ́n á rẹ́rìn-ín aládùúgbò wọn, ẹnikẹ́ni ò ní rí ara ẹ̀ níbẹ̀. Ẹ fún ìyá tó gba owó ní ìdí tó wúwo: oògùn ọmọ, tàbí owó ìdánwò. Kí ìran yẹn má ní àpárá kankan, kó má ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Kí èrò kọ́kọ́ dákẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni kóńgò àti ẹ̀pà á wá dun ẹni.

Ẹ sì má gbàgbé pé òfin mú ẹni tó fún àti ẹni tó gbà: ohun tí abala 121 nínú Òfin Ìdìbò 2022 kọ sílẹ̀ ni owó ìtanràn tí kò ju 500,000 náírà lọ, tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù 12, tàbí méjèèjì. Ẹ̀rù lásán nìyẹn máa jẹ́ lẹ́nu ọlọ́pàá inú eré. Ẹnu ọmọ tó ń ka ìwé ilé-ẹ̀kọ́ sókè ni kó ti jáde.

Ìlù-ò-dákẹ́:

Òótọ́ ni ìyá sọ. Mo gbà á.

Ẹni tó bá sì rò pé eré lásán ni, kó rántí Ogunde, àgbà òṣèré orí ìtàgé. Eré ẹ̀, Yorùbá Ronú, ní 1964 ló mú kí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fòfin de ẹgbẹ́ ẹ̀ ní gbogbo agbègbè wọn. Ọdún 1966 ni wọ́n tó gbé òfin náà kúrò. Eré mìíràn, Òtítọ́ Korò, ló fi dá ìjọba náà lóhùn.

Tí ẹ bá ní ìṣẹ́jú 12 sí i, ẹ gbìyànjú ọ̀nà tí Augusto Boal, olùdarí eré ará Brazil, gbé kalẹ̀. Ẹ tún ìran ìgbowó ṣe. Kí òǹwòran pàtẹ́wọ́ dá a dúró, kó gba ipò ìyá náà, kó fi hàn wá ohun tóun ì bá ṣe. Èèyàn mẹ́ta, ìṣẹ́jú mẹ́rin fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ó parí. Ọwọ́ atọ́kùn ni máìkì gbọ́dọ̀ wà títí. Bí ọmọ ẹ̀yìn olóṣèlú kan bá gbà á mọ́ ọn lọ́wọ́, ìpolongo ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ọmọ-Òwé:

Ẹ ṣeun gan-an, ìwàásù ti lọ. Ó ku ẹyọ kan: ta ni kó ṣe olóṣèlú? Gbogbo wa ló fẹ́ fi ẹni tó pa ni lẹ́rìn-ín jù síbẹ̀.

Ìlù-ò-dákẹ́:

Ìyá ọjà ni kí ẹni yẹn ṣe. Olóṣèlú, ẹni tí ojú ẹ̀ lè le láìrẹ́rìn-ín ni kẹ́ ẹ wá. Bàbá Sàlá fi aṣọ tó tóbi jù ú lọ àti gíláàsì ràgàjì kọ́ wa pé ẹ̀rín lè bẹ̀rẹ̀ kí òṣèré tó lanu. Ẹ rán agbádá tó fi nǹkan bí ìka mẹ́rin gùn ju ẹsẹ̀ ẹ̀ lọ. Ní gbogbo ìgbà tó bá ń ká a sí èjìká, kí owó díẹ̀ máa jábọ́, kó máa tẹ̀ ba kó ṣà á, kó má dá ọ̀rọ̀ tó ń sọ dúró. Láti ìdánrawò àkọ́kọ́ ni kó ti máa wọ̀ ọ́, torí agbádá tí òṣèré bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀ lọ́jọ́ eré máa ń kọ́ ọ lẹ́sẹ̀ lórí àtẹ̀gùn.