Ẹ̀yìnkùlé olókùúta ní Auckland, New Zealand: kí la lè gbìn síbẹ̀?

Ìyá Ìbejì:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará Auckland. A ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé ìtòsí òkè ayọnáyèéfín Maungawhau ni. Òkúta dúdú oníhò wẹ́wẹ́ ló kún ẹ̀yìnkùlé wa. Igi ìbílẹ̀ ibẹ̀ ló wù mí láti gbìn padà, mo sì ti fẹ́ ra iyẹ̀pẹ̀ ọkọ̀ kan dà lé e lórí. Ṣé ó dáa?

Bọ̀dá Olóko:
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dà á! Mo dà á rí. Ó dí gbogbo pàlàpálá àpáta pa, èpò tó bá a wọlé sì bo ohun tí mo gbìn mọ́lẹ̀. Ẹ lọ wo erékùṣù Rangitoto. Nǹkan bí 600 ọdún sẹ́yìn ni òkè ayọnáyèéfín yẹn bú jáde, kò sí odò kankan níbẹ̀, síbẹ̀ igi pōhutukawa ti di igbó lórí rẹ̀. Inú ihò tí ewé gbígbẹ ń jẹrà sí ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Irú ihò bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ wá. Igi kékeré ni kí ẹ rà, tí gbòǹgbò rẹ̀ ò ju ìkúùkù ọmọdé lọ. Igi ńlá kì í ráyè wọ inú òkúta. Oṣù Karùn-ún sí Oṣù Kẹjọ ni kí ẹ gbìn ín, nígbà tí òjò ń rọ̀. Tó bá fi máa di Oṣù Kejìlá, tí ẹ̀ẹ̀rùn ibí dé, òkúta yẹn á gbóná bí agbada.

Ìyá Ìbejì:
Ẹ ṣé, sà. Ewéko kan tún wà tó tàn ká gbogbo ilẹ̀, ó jọ gòdògbò.

Àǹtí Ewé:
Tradescantia nìyẹn, ẹbí gòdògbò ni lóòótọ́. Ẹ má fi ọkọ́ kàn án o, gbogbo oríkèé tó bá já ló ń hù. Ẹ ká a bí ẹní, ẹ dì í sínú àpò. Moth plant, èpò tó ń lọ́ mọ́ igi, ńkọ́? Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, oje rẹ̀ ń yún ni lára. Èyí tó bá ti nípọn, ẹ má fà á tu, òkúta á ṣí nípò. Ẹ gé e nídìí, kí ẹ fi oògùn apèpò kun kùkùté rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ọdún kan gbáko ni mo fi ja ogun èpò kí n tó gbin ẹyọ igi kan.

Ẹ wá gbin igi pūriri àti māhoe. Ẹyẹ kererū á jẹ èso wọn, á sì máa bá yín gbin ìyókù. Ẹbí iyèré ni kawakawa. Bí ewé rẹ̀ bá lu jára, kòkòrò tirẹ̀ ló ń jẹ ẹ́, ẹ má fín oògùn sí i. Peperomia urvilleana náà ń bẹ, àbúrò rinrin, orí òkúta gan-an ló ń hù sí. Igi karaka nìkan ni mo ń bẹ̀rù fún yín, nítorí májèlé wà nínú kóró rẹ̀, ìbejì sì ń bẹ nílé.

Bọ̀dá Olóko:
Òótọ́ ni. Ẹ tún bi olùtajà pé níbo ni wọ́n ti ṣa irúgbìn. Ti Auckland níbí ni kí ẹ gbà. Bí ẹ bá sì rí òkúta tí wọ́n tò bí ògiri, ẹ má yẹ̀ ẹ́. Àwọn Māori, onílẹ̀ ibí, fi irú rẹ̀ ṣe oko láyé àtijọ́, ẹ lè rí i ní Ōtuataua ní Māngere. Ohun tó bá ti wà ṣáájú 1900, òfin ò gbà kí a tú u ká láìgbàṣẹ.

Ìyá Ìbejì:
Háà, mo ti rí ògiri kan bẹ́ẹ̀ o! Mo ti pe oníyẹ̀pẹ̀ pé kó má wá mọ́. Ó ní owó àsansílẹ̀ mi ti wọlé, kò sì tún lè jáde.